Níbo ni kí n bí i sí?

"Mọ́mì, níbo ni kí n bí i sí?"

Ọmọ àbúrò mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán ni, abọ́ ò tíì kúrò nílẹ̀. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Ọ̀yẹ́ ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà ní Ìtàpá ti ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àwọn ni, torí ibẹ̀ ni òun bí gbogbo ọmọ òun sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àfi ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ádó, pé ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá wọn. Ọkọ ní ibi tó bá ti tẹ́ ìyàwó òun lọ́rùn ti tẹ́ òun náà lọ́rùn.

Mi ò dárúkọ ibì kankan fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká sọ pé aago méjì òru la wà yìí. O ti bímọ, ọmọ ti ké, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dúró. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Kí ló wà lọ́wọ́ ẹni náà? Bí agbára rẹ̀ ò bá ká a, mọ́tò ta ló máa gbé ọ, ibo ló ń gbé ọ lọ, ta sì ni yóò la ẹnu pé kí wọ́n máa gbé ọ lọ?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní kó lọ mú ìwé àti bírò wá.

Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní àwọn ibùdó ìlera káàkiri Èkìtì kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ tó bá fẹ́ wá wẹ́rẹ́, ibikíbi ni yóò wá sí; orí ẹní, orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn mọ́tò. Torí náà, wákàtí tó le jù ni mo máa ń ní kí aboyún fi yan ibi tí yóò bí sí. Yorùbá ò kúkú fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí obìnrin bá bímọ, "ẹ kú ewu ọmọ" la ń kí i, torí ewu ló ré kọjá. Bí a bá sì ń gbàdúrà fún aboyún, ohùn méjì là ń béèrè: àá gbóhùn ìyá, àá gbóhùn ọmọ.

Kọ́kọ́ mọ irú oyún tó o gbé

Tètè lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin wa máa ń fi oyún pamọ́ títí yóò fi yọ síta, kí ayé má baà rí i. Mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé ni kí nọ́ọ̀sì ti rí ọ. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ó kéré tán, kó tó bímọ. Ẹlòmíì á lọ lẹ́ẹ̀kan, á gba káàdì, ó di ọjọ́ ìrọbí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gba ìtọ̀, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ. Má kàn ju káàdì yẹn sínú báàgì. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. PCV rẹ, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe pọ̀ tó hàn, tó bá wà nísàlẹ̀ 33, ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kéré kò ní èyí tí yóò dà nù lọ́jọ́ ìbímọ. Bi wọ́n nípa jẹnotáìpù, HIV, àti hẹpatáítì B. Bí wọ́n bá rí kòkòrò HIV, má sá lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í yẹ̀ ọ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, mo sì ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ìyá tó ní kòkòrò yẹn lára tí ọmọ wọn kò ní in. Bi wọ́n nípa irú ẹ̀jẹ̀ tó o ní pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ nẹ́gátíìfù, tí ti ọkọ rẹ jẹ́ pọ́sítíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní anti-D, kí ara rẹ má baà bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó o máa bí lẹ́yìn èyí jà. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, láàárín wákàtí 72 tó o bímọ ló gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ. Owó rẹ̀ ò kéré, kì í sì í sí lórí àtẹ gbogbo ilé egbòogi; oṣù keje ni kó o ti máa wá a.

Àwọn kan wà tí mi ò ní í bá sọ̀rọ̀ ibùdó kékeré rárá, ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni tiwọn: ẹni tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí, ẹni tó gbé ìbejì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì jókòó tàbí tó dábùú nínú lóṣù kẹsàn-án, ẹni tí ibi ọmọ dí lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀, ẹni tó jẹ́ SS, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ tó kọjá. Mo fi ẹni tó ti bí márùn-ún sókè kún wọn. Àwọn yẹn ló máa ń sọ fún mi pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, yíyọ́ ni tèmi máa ń yọ́ jáde." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ tó ti gbé ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà a máa rẹ̀. Bí ọmọ bá jáde tán, kì í tètè sún kì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rí ọ̀nà.

Bó ò bá sí nínú àwọn yìí, ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù rẹ lè tó ọ. Mo ní "lè" o, torí ó ku ohun tí wàá lọ fojú rí.

Lọ síbẹ̀ lálẹ́

Wọ́ọ̀dù 177 ló wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí Èkìtì ní, ọ̀pọ̀ wa ni ibùdó ìlera ò sì jìnnà sí. Má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sára ògiri tàn ọ́. Lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án lọ́jọ́ aboyún, kó o sì tún lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wò ó bóyá iná wà. Wò ó bóyá ẹnì kan dáhùn nígbà tó o kanlẹ̀kùn, bóyá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló dáhùn àbí ọdẹ. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà. Tí mo bá ti relé, ọdẹ ló kù. Ọdẹ yẹn ti gba ọmọ mẹ́ta kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọlọ́run ló bá a gbà wọ́n.

Lẹ́yìn náà, béèrè ọ̀rọ̀ fíríìjì. Ó lè dà bíi pé kò kàn ọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n. Ní kété tí ọmọ bá jáde, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún ìyá, oxytocin, yúníìtì 10, kí ilé ọmọ lè sún kì kí ẹ̀jẹ̀ sì dúró. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé. Níbi tí iná ò ti sí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí abẹ́rẹ́ wà nínú àpótí tábìlì nínú ooru oṣù kẹta, agbára rẹ̀ ti ń lọ, ẹni tó ń gún un fún ọ ò sì lè fojú mọ̀. Fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, pẹ̀lú bí iná wa ṣe rí yìí, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró?" Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á mú ọ débi fíríìjì sólà rẹ̀, tàbí kó fi oògùn oníhóró misoprostol hàn ọ́, èyí tí kò nílò òtútù. Inú rẹ̀ á tún dùn pé o bèèrè.

Ohun mẹ́ta mìíràn ni kó o bi wọ́n. Ọmọ tí kò bá ké, kí ni wọ́n á fi fún un léèmí? Báàgì kékeré kan wà tí wọ́n ń fi bo imú àti ẹnu ọmọ, tí wọ́n á máa tẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí gìrì bá mú aboyún ńkọ́? Magnesium sulphate lorúkọ abẹ́rẹ́ yẹn. Báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà ti pọ̀ jù? Fífi ojú wọ̀n ọ́n ti tan èmi náà jẹ lọ́pọ̀ ìgbà, torí aṣọ àti òwú máa ń mu ún. Ní 2023, èsì ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn tó lé ní 70 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà: wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dé àmì, wọ́n á fi gbogbo ìtọ́jú lé e lẹ́ẹ̀kan náà láì dúró wo bóyá àkọ́kọ́ á ṣiṣẹ́. Ewu ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an àti àwọn ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo gbọ́, mo jókòó, mo ń ka orúkọ àwọn tí mo rántí.

Ti ilé ìwòsàn ńlá, a ní wọn. Ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà l'Ádó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti ABUAD tó jẹ́ aládàáni náà wà l'Ádó. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ń bẹ. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ìyanṣẹ́lódì a sì máa dé. Torí náà, ibi méjì ni kó o mọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan: tí ibí bá ti ilẹ̀kùn, ọ̀hún ni mò ń lọ.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré, ohun kan ṣoṣo ni wàá bi wọ́n kó o tó wo ẹ̀rọ amúlétutù: bó bá di iṣẹ́ abẹ lóru, ta ló ń ṣe é, ibo lonítọ̀hún ń sùn, ibo lẹ sì ti ń rí ẹ̀jẹ̀? Bí wọ́n bá ní "a máa pe dókítà láti ìlú kejì", o ti gbọ́ nìyẹn.

Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ

Màá fara balẹ̀ sọ èyí, torí ìyá tó bí mi lọ́mọ, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ló bí mi sí.

Mo mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń lọ síbẹ̀. Àwọn ìyá ibẹ̀ á fi omi gbígbóná pa ẹ̀yìn rẹ, wọ́n á dì ọ́ mú, wọ́n á pe orúkọ rẹ nínú àdúrà, o sì lè san owó díẹ̀díẹ̀. Wọn ò ní í bá ọ jágbe. Nílé ìjọba, a ti jágbe. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jágbe mọ́ ọmọbìnrin kan rí pé, "Ṣé èmi ni mo ní kó o lóyún?" Ó dákẹ́, kò sunkún mọ́, nígbà tó sì lóyún èkejì, kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, torí mo mọ̀ pé ẹnu mi ló lé e.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lóru ọjọ́ kan. Ọmọ kẹta lobìnrin náà bí. Ó bí i láago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí kan, ọmọ sì lágbára. Ibi ọmọ ni kò jáde tán. Tí ìdajì wákàtí bá ti kọjá tí ibi ò tíì bọ́, kí mọ́tò ti máa dún ni. Wọ́n gbàdúrà. Ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, àmọ́ ó ní òun ò lè dá a ṣe, kí ọkọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó kọ́kọ́ mọ̀. Fóònù ọkọ ò lọ. Wọ́n pè é, wọ́n pè é. Aago kan ti kọjá kí ẹnì kan tó lọ jí ọlọ́kadà. Àárín ọlọ́kadà àti ìyá ọkọ ni wọ́n gbé e jókòó sí, nínú òjò, títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nígbà tí mo dì í mú. Mo fa omi sí ọwọ́ méjèèjì, mo gún abẹ́rẹ́, mo tẹ ilé ọmọ, mo bẹ olùkọ́ kan tó ní mọ́tò ládùúgbò. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú tí ilé ìwòsàn ńlá wà ló dákẹ́. Ọmọ yẹn ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Kò sí ìkà kankan nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lóru yẹn. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé àdúrà ìyá yẹn lo fẹ́, mú àdúrà náà dání. Bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Àdúrà pé kó o bí bí àwọn obìnrin Hébérù, mo ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún Ẹ́kísódù orí kìíní kà, agbẹ̀bí méjì ni Bíbélì dárúkọ níbẹ̀, Ṣífúrà àti Púà.

Àgbo ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní àbíwẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fún aboyún mu nígbà ìrọbí kí ọmọ lè yára, kọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ gún ọ ní abẹ́rẹ́ sí itan kí ọmọ lè yára, kọ ìyẹn náà. Abẹ́rẹ́ oxytocin kan náà tó ń gba ẹ̀mí là lẹ́yìn ìbímọ lè fa ilé ọmọ ya bí wọ́n bá gún un sí itan nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú. Tí dókítà bá ní ó yẹ kí ìrọbí yára, inú dírípù ni wọ́n ti ń fún un, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀nà

Láti ọdún 1994 ni àwọn olùwádìí ti pín ohun tó ń pa aboyún sí ìdádúró mẹ́ta: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ilé ìwòsàn. Obìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yẹn, èyí àkọ́kọ́ ló gba wákàtí rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, pinnu báyìí. Jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ, ìyá ọkọ rẹ àti ìyá rẹ, kí ọkọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé, "Tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ gbé e lọ, ẹ gbé e lọ, ẹ ò ní láti pè mí." Mo fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́ ọ tìkára rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń bi lóru, ẹ̀rù ẹ̀bi ló sì ń mú un dákẹ́.

Wá awakọ̀ mẹ́ta tó ń sùn ládùúgbò rẹ, kì í ṣe ẹyọ kan. Bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ oṣù rẹ. Kọ nọ́ńbà wọn sára bébà, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí fóònù lè kú. Ọlọ́kadà wúlò láti pe awakọ̀ wá; obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó máa gbé ọ lọ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan lálẹ́. Ó lè mọ ọ̀nà yẹn dunjú lọ́sàn-án, kó sì rí i lóru pé ihò ti gbà á. Tó o bá ń gbé Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkè-Mẹ̀sí, o mọ bí òkè wa ṣe rí nínú kùrukùru.

Bó bá jẹ́ pé oko tàbí abúlé lo wà, tí òjò sì máa ń gé ọ̀nà, lọ dúró lọ́dọ̀ ẹbí rẹ kan nílùú tó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí l'Ádó?

Owó: máa dá díẹ̀ sọ́tọ̀ láti oṣù kẹta. Èkìtì ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀. Níbi tó o ti forúkọ sílẹ̀, béèrè bí o ṣe lè wọ̀ ọ́ kí oyún tó gbó. Ẹ̀jẹ̀: wá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tìrẹ mu tí wọ́n sì ṣe tán láti fi sílẹ̀.

Bí wàá ṣe bí i

Ọmọ mi àkọ́kọ́, ní 1989, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Mo rọbí fún nǹkan bí ogún wákàtí, ọmọ ò sọ̀ kalẹ̀, lílù ọkàn rẹ̀ wá ń lọ sílẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé kí n kọ̀ ọ́. Èmi nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, mo sì kọ̀ ọ́ fún wákàtí kan. Ohun tí ayé máa sọ ni mò ń rò, pé ẹni tó ń gbẹ̀bí fún ènìyàn ò lè bí tirẹ̀. Ọmọ náà yè, ó ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí wákàtí yẹn, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Bí dókítà bá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, tó o béèrè ìbéèrè rẹ, tó dá ọ lóhùn, buwọ́ lù ú. Ìkúnlẹ̀ ni èyí náà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń gún fún un, o máa gbọ́ igbe ọmọ rẹ. Ní 1992, mo fi ara mi bí èkejì, ní ilé ìwòsàn tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, torí ojú àpá ilé ọmọ lè ṣí. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lè bí fúnra rẹ̀ o, kì í kàn ṣe níbi kékeré.

Bó bá jẹ́ pé fúnra rẹ lo máa bí, má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ìyá wa kúnlẹ̀ bímọ ni. Òun la fi ń bẹ ènìyàn títí dòní, "nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ". Rìn, jókòó, kúnlẹ̀, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin yan bó ṣe fẹ́, kó sì ní ẹni tó yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó o bá ń forúkọ sílẹ̀ ni kó o ti béèrè bóyá wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Mu omi, jẹ ohun fẹ́ẹ́rẹ́, àyàfi tí dókítà bá ní kó o má jẹ. Má gbìyànjú láti ti ọmọ jáde kí ẹnu ilé ọmọ tó ṣí tán. Má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gun ikùn rẹ tàbí kó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọmọ sísàlẹ̀.

Bí ọmọ bá jáde tó sì ké, kí wọ́n gbé e lé ọ láyà bẹ́ẹ̀ ní ìhòòhò, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bò yín. Kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó gé ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Kó mu ọyàn láàárín wákàtí kan. Omi ọyàn aláwọ̀ ìyeyè yẹn, àwọn kan ń fún un dà nù, ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi. Ìwẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ti ń dúró pẹ̀lú kànìnkàn àti òrí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ìwọ́, oògùn apakòkòrò chlorhexidine oníjẹ́ẹ̀lì nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, ìgbẹ́ ẹran, rárá.

Báàgì rẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù kẹjọ kó tó wà nílẹ̀: káàdì, páàdì ńlá, rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní makintosh, ìró àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, aṣọ ọmọ pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, owó tí wọ́n ti ṣẹ́. Béèrè ìwé ohun tí ibi tó o yàn fẹ́, torí tiwọn yàtọ̀ síra.

Dúró níbẹ̀ fún wákàtí 24, kódà bó o bá bí i wẹ́rẹ́, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dà. Kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Nígbà tó o bá délé, bí páàdì bá ń rin gbindin láàárín wákàtí kan, tí ara rẹ gbóná, tí orí ń fọ́ ọ tí ojú ń ṣe bàìbàì, padà lọ lójú ẹsẹ̀. Orí fífọ́ àti ojú bàìbàì yẹn, kódà nínú oyún, pẹ̀lú ojú tàbí ọwọ́ tó wú, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ké ni. Ọmọ tí kì í mira mọ́ nínú náà, má sùn lé e.

Ọmọ àbúrò mi? Ibùdó ìlera tó wà nítòsí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yàn. Ó lọ síbẹ̀ lálẹ́, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ gun 140 lórí 90, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé kó máa lọ sí Ìdó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò fẹ́. Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ọkọ rẹ̀ wálé, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ní kó sọ lójú ìyá rẹ̀, ó fi páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀, òun àti awakọ̀ àkọ́kọ́ sì wa mọ́tò láti Ọ̀yẹ́ gba Ìfàkì lọ sí Ìdó láago mọ́kànlá alẹ́. Ìṣẹ́jú 35. Awakọ̀ ní tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n ka á sí 50.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Awakọ̀ kejì ló gbé wọn, àkọ́kọ́ ti lọ Àkúrẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wọlé, ó ń kọrin ìjọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí i létí, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ọmọ náà sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin. Bébà tí nọ́ńbà awakọ̀ mẹ́ta wà lára rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Aboyún tó wà ní yàrá kejì ti dà á kọ.